Ọwọ́ ni Àjẹ̀ Òmùwẹ̀

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kò ju ọ̀rọ̀ apá àti ọwọ́ lọ. A fẹ́ sọ bí ó ti yẹ kí ènìyàn lo apá àti ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá ń lúwẹ̀ẹ́.

Ẹnìkan lè wí pé, “Èwo ni ti ìwé nínú èyí? Ta ni kò mọ odò wẹ̀ ní abúlé etí omi?” Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí à ń pè ní WHO, ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021, nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni omi gbé lọ káàkiri ayé. Àwọn àgbà wa sì ti wí tipẹ́ pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ rárá a máa bẹ̀rù omi, a sì jìnnà sí i. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n díẹ̀ ni í bọ́ sí i láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ wo bí ó ti máa ń rí. Ọkọ̀ dojú dé. Etí omi kò jìnnà. Ojú rí i kedere. Ọkùnrin alágbára bẹ̀rẹ̀ sí í ju apá, ó ń gbá omi, ariwo rẹ̀ dà bí ìlù. Kí ó tó dé ìdajì ọ̀nà, apá ti le gbandi, èémí ti tán. Kì í ṣe pé kò lágbára. Ó lágbára, ṣùgbọ́n agbára náà ni ó fi na omi. Omi kò mọ ìyà. Ẹni tí ó bá ń na omi, ara rẹ̀ ni ó ń dá lágara.

Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí: kí ọwọ́ di omi mú, kí ó sì tì í sẹ́yìn, kí ó má gbá a.

Ibi tí ìlúwẹ̀ẹ́ yìí ti wá

Oríṣiríṣi ni ìlúwẹ̀ẹ́. Ọ̀kan wà tí a ń ya apá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà bí ọ̀pọ̀lọ́. Ọ̀kan wà tí a ń fi ẹ̀yìn lé omi, tí a ń wojú ọ̀run. Èyí tí a ń sọ lónìí ni èyí tí a ń dojú bolẹ̀, tí apá ọ̀tún ń gba òkè omi lọ síwájú, tí ti òsì ń tẹ̀lé e, tí ẹsẹ̀ méjèèjì sì ń mì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́yìn. Crawl ni Òyìnbó ń pè é. Níbi ìdíje, ẹ ó gbọ́ freestyle. Ìtumọ̀ ìyẹn ni pé kí oníkálukú wẹ̀ bí ó bá ti wù ú. Ṣùgbọ́n nítorí pé crawl ni ó yá jù, òun ni gbogbo wọn ń yàn, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ méjèèjì ṣe di ọ̀kan lẹ́nu àwọn ènìyàn.

Ẹ má rò pé Òyìnbó ni ó kọ́ aláwọ̀ dúdú ní èyí o. Ọkùnrin Faransé kan wà, Jean Barbot ni orúkọ rẹ̀. Ó bá ọkọ̀ àwọn tí ń ṣòwò ẹrú wá sí etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láàárín ọdún 1678 sí 1682. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará Elmina, ní ilẹ̀ tí ó ń jẹ́ Ghana lónìí, mọ odò wẹ̀ gan-an, pé wọ́n ń ju apá kan tẹ̀lé èkejì bí ẹni tí ń wa ọkọ̀, pé wọn kì í ya apá méjèèjì pọ̀ bí àwọn ará Yúróòpù. Bí ẹni tí ń wa ọkọ̀: ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú, a ó padà sí i.

Ní ọdún 1844, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Àríwá Amẹ́ríkà méjì wẹ̀ báyìí ní London. Àwọn tí ó wò wọ́n fi wọ́n wé ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí, wọ́n ní kò bá ìṣe Yúróòpù mu. Ní Sydney, ní ilẹ̀ Australia, ní nǹkan bí ọdún 1900, ọmọ erékùṣù Solomon kan, Alick Wickham, wà lára àwọn tí àwọn ará ibẹ̀ wò kọ́ ọ. Nígbà tí ó di ọdún 1912, Duke Kahanamoku, ọmọ ìbílẹ̀ Hawaii, gba ipò kìn-ín-ní nínú ìwẹ̀ 100 mítà ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Stockholm. Ní ọdún 1922, Johnny Weissmuller ará Amẹ́ríkà wẹ̀ 100 mítà láìpé ìṣẹ́jú kan. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ di ohun tí gbogbo ayé ń kọ́.

Kí ni àjẹ̀ ń ṣe nínú omi?

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀, ẹ dá wa lóhùn. Ṣé ẹ máa ń fi àjẹ̀ gbá omi? Ó tì o! Ẹ ó ki àjẹ̀ bọ omi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ ó kọ ojú rẹ̀ sẹ́yìn, ẹ ó fà á. Omi á lọ sẹ́yìn, ọkọ̀ á lọ síwájú. Bí ẹ bá fi àjẹ̀ tẹ omi mọ́lẹ̀ ńkọ́? Orí ọkọ̀ á gbé sókè, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò ní í lọ síbì kan. Bí ẹ bá sì fi ẹ̀gbẹ́ àjẹ̀ gé omi ńkọ́? Kò ní í rí nǹkan kan dì mú.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọwọ́. Ibi tí a bá ti omi sí, òdìkejì ibẹ̀ ni ara wa ń lọ. Bí a bá tì í sẹ́yìn, a ó lọ síwájú. Bí a bá tì í sí ìsàlẹ̀, orí á gòkè, ẹsẹ̀ á sì rì. Bí ẹsẹ̀ bá rì, ara á dúró sínú omi bí òpó, gbogbo omi iwájú ni yóò sì máa dènà wa. Isaac Newton, ọ̀mọ̀wé ará Ìgẹ̀ẹ́sì, kọ òfin yìí sínú ìwé ní ọdún 1687. Àwọn awakọ̀ wa ti fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n láìmọ orúkọ rẹ̀.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni èyí: àjẹ̀ òmùwẹ̀ kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́ nìkan. Láti orí ìka títí dé ìgúnpá ni. Ẹni tí ó bá fi àtẹ́lẹwọ́ nìkan wa omi dà bí ẹni tí ó gé àjẹ̀ rẹ̀ sí méjì tí ó sọ ìdajì nù.

Ọ̀nà mẹ́rin tí apá ń gbà ṣiṣẹ́

Èkínní ni kíkì ọwọ́ bọ omi. Orí ìka ni kí ó kọ́kọ́ wọlé, kí ọrùn-ọwọ́ tẹ̀lé e, kí ìgúnpá wọlé kẹ́yìn, bí ẹni pé ihò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń gbà wọlé. Ọ̀gangan iwájú èjìká ni kí ọwọ́ ti wọlé. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá kọjá iwájú orí lọ sí ìhà òsì, ara á máa wọ́ bí ejò, èjìká á sì máa dunni bí ó bá pẹ́. Kí a má ṣe yí ọwọ́ kí àtàńpàkò máa ṣáájú. Ìyẹn náà a máa ni èjìká lára. Bí ọwọ́ bá ti wọlé, kí a nà án síwájú sí i lábẹ́ omi, kí a sì yí ara díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ yẹn kí apá lè gùn. Bí a bá gbọ́ “pàá!”, kí a mọ̀ pé a ti gbá omi nìyẹn.

Èkejì ni dídi omi mú. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe é tì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a dúró níbẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí apá bá ti nà tán níwájú, kí a ká ìgúnpá. Orí ìka á kọjú sí ìsàlẹ̀ odò, àtẹ́lẹwọ́ àti apá láti ìgúnpá dé ọrùn-ọwọ́ á kọjú sẹ́yìn. Ìgúnpá kò gbọdọ̀ bá ọwọ́ rì. Kí ó dúró lókè, nítòsí ojú omi. Ẹ rò ó bí ẹni tí àgbá ńlá kan wà níwájú rẹ̀, tí ó na apá kọjá lórí àgbá náà láti fà á mọ́ra.

Àṣìṣe méjì ni ó wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ẹnìkan á na apá gbọọrọ, á fi tẹ omi mọ́lẹ̀. Òun ni orí rẹ̀ ń gòkè, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rì. Ẹlòmíràn á fa ìgúnpá sẹ́yìn ṣáájú ọwọ́. Ọwọ́ tirẹ̀ kàn ń yọ̀ kọjá nínú omi bí àjẹ̀ tí a fà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé a ṣe é dáadáa? A ó mọ omi lára. Omi á wúwo mọ́ àtẹ́lẹwọ́ àti inú apá, bí ẹni pé a gbé ọwọ́ lé àpò gàrí. Bí a kò bá tíì mọ ìwúwo yẹn, kí a má tíì fà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára.

Ẹ̀kẹta ni títi omi sẹ́yìn. Omi ti wà lọ́wọ́ báyìí. Kí a fà á gba abẹ́ àyà, kí a sì tì í títí ọwọ́ á fi dé ẹ̀gbẹ́ itan. Kí ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ó máa yára sí i bí ó ti ń lọ. Àwọn kan a máa yọ ọwọ́ ní ọ̀gangan ikùn. Wọ́n ti ṣe wàhálà dídi omi mú, wọ́n wá jù ú nù kí wọ́n tó jèrè rẹ̀.

Nígbà kan, ọ̀pọ̀ olùkọ́ a máa sọ pé kí ọwọ́ máa tẹ̀ bí lẹ́tà S lábẹ́ ara. James Counsilman, olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ní Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà, fi kámẹ́rà ya àwọn òmùwẹ̀ lábẹ́ omi, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1968. Ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, Mark Spitz, gba ẹ̀bùn wúrà 7 ní Munich ní ọdún 1972. Ohun tí àwòrán yẹn fi hàn, tí kò sì tíì yí padà, ni pé àwọn tí ó yá kì í na apá gan-an lábẹ́ omi. Wọ́n ń ká ìgúnpá ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ S yẹn, ọ̀pọ̀ olùkọ́ òde òní ti fi sílẹ̀. Wọ́n ní kí ọwọ́ gba ọ̀nà tààrà lọ sẹ́yìn. Ẹ̀yin náà, ẹ fi S sílẹ̀ sínú ìwé.

Ẹ̀kẹrin ni gbígbé apá padà síwájú. Ìgúnpá ni kí ó kọ́kọ́ jáde, kí ọwọ́ tẹ̀lé e, bí ẹni tí ń yọ ọwọ́ jáde nínú àpò sòkòtò. Kí ọwọ́ rọ̀ dirodiro láti ìgúnpá wá sílẹ̀. Ìsinmi apá ni èyí. Ẹni tí ó bá le apá koko nígbà tí ó ń gbé e padà kò sinmi rárá. Ìdí nìyí tí apá fi ń le gbandi kí ó tó dé etí omi. Ìgbà yìí náà ni a ń mí. Apá tí ó ń jáde, ìhà rẹ̀ ni kí a yí ojú sí, kí a fa èémí, kí a sì dá ojú padà sínú omi. Inú omi ni a ti ń tú èémí jáde. Kí a má ṣe gbé orí sókè síwájú bí àkùkọ tí ó fẹ́ kọ. Bí orí bá gbé sókè, ẹsẹ̀ á rì.

Apá méjèèjì kì í ṣe iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan ti ń ti omi, èkejì ń padà bọ̀. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún ni ọwọ́ fi ń mọ́. Bí ọ̀nà bá jìn, kí ọwọ́ iwájú dúró díẹ̀ de èkejì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ṣùgbọ́n kí a má dúró títí ara á fi dá lójú kan.

Báwo ni kí ìka wa ti rí?

Àwọn kan ń fún ìka pọ̀ gírígírí. Apá á tètè rẹ̀ wọ́n. Àwọn kan ń ya ìka bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Omi á máa jò kọjá láàárín rẹ̀ bí ìgbà tí a fi asẹ́ gbọ́n omi. Àárín méjèèjì ni ó dára. Kí ìka wà bí ó ti máa ń wà nígbà tí a bá fi ọwọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara láìronú kàn án. Àlàfo kékeré yẹn kò burú. Omi kì í rọrùn láti gba ibi tóóró bẹ́ẹ̀ kọjá, nítorí náà ọwọ́ á ṣe bí ẹni pé ó fẹ̀ sí i. Kí a má sì dá ọwọ́ kò bí ife. Kí ó tẹ́, kí ó sì rọ̀.

Bí a ó ṣe fi kọ́ra

Ní orí ilẹ̀, kí a bẹ̀rẹ̀ síwájú díẹ̀, kí a ṣe ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹnìkan máa wò wá bóyá ìgúnpá wa ń rì. Lẹ́yìn náà, kí a dúró nínú omi tí ó dé àyà, kí a máa rìn, kí a máa fi apá fa omi. Bí a bá fà á dáadáa, ẹsẹ̀ á mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí a di ọwọ́ méjèèjì ní ẹ̀ṣẹ́, kí a fi ẹ̀ṣẹ́ wẹ̀ lọ díẹ̀. Yóò ṣòro, àtẹ́lẹwọ́ kò sí mọ́. Ìgbà yẹn ni a ó mọ̀ pé apá láti ìgúnpá dé ọrùn-ọwọ́ náà ń ṣiṣẹ́. Bí a bá wá la ọwọ́, a ó rí i bí omi ti wúwo tó lọ́wọ́.

Iṣẹ́ kan tún wà tí ó bá kíláàsì wa mu. Ẹ ri ọ̀pá méjì mọ́ inú omi ní ibi tí kò jìn. Ẹ wẹ̀ láti ọ̀pá kan dé èkejì, kí ẹ ka iye ìgbà tí ọwọ́ wọ omi. Ẹ kọ ọjọ́ àti iye náà sínú ìwé yín. Ọwọ́ tí ń gbá omi á pọ̀ ní iye. Ọwọ́ tí ń di omi mú, iye rẹ̀ á máa dín kù.

Ní kíláàsì wa kan létí ọ̀sà, bàbá apẹja kan dìde. Ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máà bínú. Láti kékeré ni mo ti ń wẹ̀. Ṣé ìwé ni yóò wá kọ́ mi?” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. A ní, “Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. Ìwé kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní odò wíwẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa ka iye ìgbà tí ọmọ yín á ju apá láti ọ̀pá yìí dé tọ̀hún.” Ọmọ náà bọ́ sómi, ariwo ta. Bàbá kà á, ó di 40, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ náà fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ bí a ti ń ká ìgúnpá. Nígbà tí bàbá tún kà á, ó di 31. Kò sọ nǹkan kan. Ó mú pẹ́ńsùlù, ó kọ 31 sábẹ́ 40, ó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ó sì gbé ìwé náà wá fún wa kí á bá òun wò ó bóyá ìyókù náà pé. Ó pé: 9. Ìjùpá 9 tí ọmọ rẹ̀ kò níí fi ṣòfò mọ́ lójú omi nìyẹn.

Ìkìlọ̀

Ẹ má ṣe dá nìkan wẹ̀. Ẹ má wẹ̀ bí ẹ bá ti mu ọtí, ẹ má sì wẹ̀ nígbà tí odò bá kún tí ó ń ṣàn kíkan. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀, ẹ wọ ẹ̀wù tí í mú ni léfòó, bí ẹ tilẹ̀ mọ̀ ọ́n wẹ̀. Aṣọ tí apá rẹ̀ gùn a máa wúwo bí ó bá tutù; apá kò ní í lè jáde lókè omi bí a ti ṣàlàyé rẹ̀ lónìí.

Bí ọkọ̀ bá dojú dé tí ó sì ń léfòó, ẹ dì í mú, ẹ má yára fi í sílẹ̀. Bí apá bá le lójú omi, ẹ má bá a jà. Ẹ yí ẹ̀yìn padà, ẹ dojú sókè, ẹ mí, ẹ sinmi, kí ẹ tó tẹ̀síwájú. Bí omi bá fẹ́ gbé ẹlòmíràn, ẹ ju okùn sí i, tàbí kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a ti dé lẹ́nu, kí ẹ sì ké sí àwọn ènìyàn. Ẹni tí ó sáré bọ́ sómi láìmú nǹkan lọ́wọ́, ẹni tí ó ń rì lè dì mọ́ ọn, kí àwọn méjèèjì sì bá a lọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi ẹ̀kọ́ yìí mọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin nìkan. Ọmọbìnrin tí ń bá ìyá rẹ̀ ná ọjà gba ojú omi, omi kan náà ni ó wà lábẹ́ ọkọ̀ tirẹ̀. Ẹ kọ́ wọn, ẹ kà á sí wọn létí, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n ka iye ìjùpá tiyín náà.  

Àwọn ìbéèrè

1. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹsẹ̀ nígbà tí ọwọ́ bá ń tẹ omi mọ́lẹ̀?
2. Láti ibo dé ibo ni àjẹ̀ òmùwẹ̀?
3. Èwo ni ó kọ́kọ́ ń jáde nínú omi, ọwọ́ ni tàbí ìgúnpá?
4. Kí ni Jean Barbot fi ìlúwẹ̀ẹ́ àwọn ará Elmina wé?
5. Ka iye ìjùpá rẹ láti ọ̀pá kan dé èkejì. Kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tún un kà, kí o sì yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì.